Ọmọ Oṣù 17 Tí Èébì Rẹ̀ Kò Dáwọ́ Dúró: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Ìbàdàn

Ọjọ́ Ajé kan, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ni wọ́n gbé ọmọbìnrin náà dé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn. Oṣù 17 ni ọjọ́ orí rẹ̀. Ìyá rẹ̀, tí ó ń ta ata àti tòmátì ní ọjà Bódìjà, pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Ìyá bàbá ọmọ náà tẹ̀ lé wọn, ó sì gbé àpò ọ̀rá dúdú kan tí ìgò oògùn mẹ́rin wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ ràn wá lọ́wọ́, mà," ni ìyá ọmọ fi bẹ̀rẹ̀, "ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ọmọ yìí ti ń bì, kò sì sí ohun tí a kò tíì lò." Ìyá náà fún mi láyè láti kọ ìtàn yìí, mo sì ti yọ orúkọ gbogbo ènìyàn kúrò nínú rẹ̀.

Kí n tó gbọ́ ìtàn kankan, ohun mẹ́rin ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 tí wọ́n bá gbé wá: ṣé ó lè mu omi tàbí ọmú, ṣé gbogbo ohun tí ó bá gbé mì ni ó ń bì láìṣẹ́ku, ṣé gìrì ti mú un nínú àìsàn yìí, ṣé ó ń tòògbé débi pé jíjí rẹ̀ ń ṣòro. Ọ̀kan péré nínú wọn ti tó láti gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní kíá. Ọmọ tiwa yìí kò ní ọ̀kankan. Ojú rẹ̀ kò jìn wọnú, omijé ń jáde lójú rẹ̀ bí ó ṣe ń sunkún, ó sì gba omi mu lọ́wọ́ mi. Mo fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀ sókè, ó padà sí àyè rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ kí ó tó padà, a jẹ́ pé omi ara ọmọ ti gbẹ gidigidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ gbóná, tẹmómítà kà 38.6, ìwúwo rẹ̀ ni ó sì bà mí lẹ́rù jù. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ fi hàn pé kílò 9.3 ni ó wọ̀n ní oṣù 15, nígbà tí ó wá gba abẹ́rẹ́ èèyi ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ní àárọ̀ ọjọ́ yìí, kílò 8.7 ni. Tépù tí a fi ń wọn apá ọmọ kà 13.1 sẹ̀ǹtímítà, èyí tí ó ṣì wà ní apá aláwọ̀ ewé, nítorí pé ìsàlẹ̀ 12.5 ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọmọ mọ́ àwọn tí oúnjẹ kò tó lára wọn. Kò tíì burú, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ ni ó ń lọ.

Lẹ́yìn èyí ni mo tú àpò ọ̀rá náà sórí tábìlì. Mo fẹ́ràn kí àwọn ìyá máa kó ìgò oògùn wá bẹ́ẹ̀, nítorí ìgò a máa rántí ohun tí ẹnu ti gbàgbé. Ìgò kìíní jẹ́ oògùn ibà tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ láìṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀; ara ọmọ tutù fún ọjọ́ 3, ó sì tún gbóná padà. Èkejì jẹ́ oògùn eyín, nítorí aládùúgbò kan sọ pé eyín ló ń hù. Lóòótọ́ ni eyín ń hù, ọmọ wo ni eyín kì í hù lẹ́nu rẹ̀ ní oṣù 16? Ṣùgbọ́n eyín kì í mú ara gbóná dé 39, bẹ́ẹ̀ ni kì í mú ọmọ bì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀kẹta jẹ́ oògùn apakòkòrò, ó sì ṣẹ́kù ju ìdajì lọ: wọ́n lò ó fún ọjọ́ 3, ara ọmọ yá, ó jẹun, kò bì mọ́, wọ́n sì dá a dúró. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni gbogbo rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Ìgò yìí ni mo yà sọ́tọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì, nítorí ó ń bá mi sọ nǹkan.

Ẹ̀kẹrin ni promethazine, tí ẹni tí ó tà á fún wọn sọ pé yóò dá èébì dúró. Mo ní kí wọ́n má ṣe fún un mọ́ láti ọjọ́ náà lọ. Kò yẹ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 lo oògùn náà rárá, nítorí ó lè mú kí mímí rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi tí yóò fi dúró. "Kì í yọ ọ́ lẹ́nu, ó kàn máa ń sùn ni tí ó bá ti mu ún," ni ìyá àgbà wí. Oorun náà gan-an ni ó ń bà mí lẹ́rù.

Yàtọ̀ sí oògùn, àwọn ará ilé ti ń wo ikùn ìyá ọmọ pẹ̀lú. Ọmú ṣì ń wọ ẹnu ọmọ ní alẹ́, àwọn àgbà sì gbà pé ọmú ẹni tí ó bá ti lóyún a máa ba inú ọmọ jẹ́. Wọ́n bi í léèrè títí ó fi lọ ra ohun tí wọ́n fi ń yẹ oyún wò. Kò lóyún.

Bí a bá kọ "èébì" nìkan sínú ìwé, a kò tíì kọ nǹkan kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Àwọ̀ wo ni èébì náà ní? Funfun bí ẹ̀kọ tàbí ohun tí ó bá jẹ ni, kì í ṣe àwọ̀ ewé, ẹ̀jẹ̀ kò sì sí nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé àwọ̀ ewé ni, ìbéèrè yóò parí síbẹ̀, nítorí omi òróòro tí ó ń gba ẹnu ọmọ jáde lè túmọ̀ sí pé ìfun ti dí, iṣẹ́ abẹ sì nìyẹn. Ṣé ó máa ń ké lójijì, kí ó ká ẹsẹ̀ jọ sí ikùn, kí ó dákẹ́, kí ó tún ké lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣé ìgbẹ́ rẹ̀ sì ti pupa tí ó ń fà bí ikun? Rárá. Èyí ni àmì ìfun tí ó wọ inú ara rẹ̀, tí a máa ń rí jù lọ lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, tí a kò sì gbọ́dọ̀ fi sùn mọ́jú. Ṣé ó ṣubú, ó fi orí gbálẹ̀? Ṣé ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ó bá ń rìn? Ṣé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ lọ́nà tí kò dáa, tí ó sì ń tọ̀ léraléra? Ṣé ikọ́ ni ó máa ń wú kí ó tó bì? Ṣé ó ń fa etí? Ṣé kẹrosíìnì tàbí oògùn ẹnikẹ́ni wà nítòsí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó? Lórí kẹrosíìnì yìí, mo máa ń dúró díẹ̀ láti sọ pé bí ọmọ bá mu ún, kí a má ṣe fún un ní epo pupa, kí a má sì ti ìka bọ ọ̀fun rẹ̀ pé kí ó bì í, nítorí ìgbà tí ó bá ń padà bọ̀ ni ó máa ń ṣèèṣì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ìyá náà ní kò sí kẹrosíìnì nílé wọn, gáàsì ni àwọn ń lò.

Ìgbẹ́ gbuuru ńkọ́? Kò sí. Ìdáhùn yìí ṣe pàtàkì, nítorí ohun tí ó wọ́pọ̀ jù tí ó ń mú ọmọ kékeré bì ni kòkòrò inú oúnjẹ tàbí omi, èyí tí ìgbẹ́ gbuuru sì máa ń tẹ̀ lé láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Irú rẹ̀ a sì máa lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kì í gbé inú ilé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọmọ náà ti gba àjẹsára rotavirus, kòkòrò kan tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti èébì, lẹ́ẹ̀mẹta, ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, èyí tí Nàìjíríà fi kún ètò àjẹsára ọmọdé ní ọdún 2022. Dípò ìgbẹ́ gbuuru, ìgbẹ́ líle ni ó ń yà, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 3 tàbí 4.

Ìgbà wo gan-an ni ó máa ń bì? Ibí ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í já ara wọn ní koro. Ìyá ọmọ ní ìdájí ni, kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná, kò tilẹ̀ tíì jẹ nǹkan kan. Ìyá àgbà ní irọ́ ni, àárọ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ ni. "Èmi ni mo ń fún un lẹ́kọ, èmi ni mo ń nu ilẹ̀, ṣé n kò ní mọ̀?" Ó ti fẹ́ di ìjà. Mo kọ ìdáhùn méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ìyá ni ó wà pẹ̀lú ọmọ ní òru, ó sì máa ń lọ sọ́jà ní aago mẹ́fà. Ìyá àgbà ni ó máa ń gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sí èyí tí ó ń purọ́ nínú wọn. Mo jẹ̀bi pé n kò tètè lóye ohun tí ìyàtọ̀ náà ń sọ, yóò sì hàn níwájú.

Ìyá àgbà náà ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó ṣílẹ̀kùn. Mo ti fẹ́ dìde láti lọ mú ohun àyẹ̀wò ibà nígbà tí ó ní, bí ẹni tí ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "Mo ti sọ fún wọn pé ìtọ̀ ọmọ yìí ń rùn, wọ́n ní pámpásì ló ń rùn." Mo jókòó padà. Mo bi í pé, "Màmá, ìgbà wo lẹ ti kíyè sí i?" Ó ní ó ti ń lọ sí oṣù méjì, àti pé ọmọ náà máa ń gan, á sì sunkún díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá bọ́ pámpásì rẹ̀ tí ó sì ń tọ̀ sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Àyẹ̀wò ibà fi hàn pé kò sí ibà lára ọmọ. Ó wá ku ìtọ̀. Gbígba ìtọ̀ ọmọ oṣù 17 gba sùúrù ju gbígba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ. Èyí tí a bá fún jáde láti inú pámpásì kò wúlò, nítorí kòkòrò ara ìgbẹ́ àti ti awọ yóò ti dà pọ̀ mọ́ ọn. A fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ara rẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn, a nù ún gbẹ, ìyá àgbà gbé e lé ẹsẹ̀, mo sì ń fi òwú tí mo rì sínú omi tútù pa ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, nítorí ìtútù náà a máa mú ọmọ tọ̀. Ìyá àgbà ń ṣe "ṣíììì, ṣíììì" ní etí rẹ̀. Ó gbà wá tó ogún ìṣẹ́jú. A jẹ́ kí èyí tí ó kọ́kọ́ jáde dànù, mo sì gba èyí tí ó tẹ̀ lé e sínú ife àyẹ̀wò. Ó dà bí omi ògì, kò mọ́. Nígbà tí mo ri pépà àyẹ̀wò bọ inú rẹ̀, ojú ibi tí ó ń fi sẹ́ẹ̀lì funfun, èyí tí ń bá kòkòrò jà nínú ara, hàn yí padà, ti nítíráìtì, ohun tí ọ̀pọ̀ bakitéríà máa ń ṣe sínú ìtọ̀, náà yí padà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó ṣeé ṣe gidigidi kí kòkòrò bakitéríà wà nínú ìtọ̀ náà.

Mo kọ̀wé sí dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n sì débẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Dókítà gba ìtọ̀ mìíràn fún yàrá àyẹ̀wò, kí wọ́n fi mọ irú kòkòrò tí ó jẹ́ àti oògùn tí ó lè pa á, kí ó tó kọ oògùn apakòkòrò tí wọn yóò lò fún ọjọ́ 10 gbáko. Bí a bá ti fún ọmọ ní oògùn kí a tó gba ìtọ̀, kòkòrò náà lè má hù mọ́ nínú àwo àyẹ̀wò. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọjọ́ kẹta: Escherichia coli ni, kòkòrò tí ń gbé inú ìfun gbogbo wa, oògùn tí dókítà kọ sì ká a. Sikáànì kíndìnrín àti àpò ìtọ̀ kò rí àbùkù kankan.

Wàyí o, báwo ni àrùn inú ìtọ̀ ṣe di èébì? Àgbàlagbà tí ó bá ní in yóò sọ pé ìtọ̀ ń ta òun, pé ẹ̀yìn ń dun òun. Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ kò ní ẹnu láti fi sọ ọ́. Bí kòkòrò náà bá ti gòkè dé kíndìnrín, ara gbígbóná, àìlèjẹun àti èébì ni ara rẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀, gbogbo ayé a sì máa wo inú nígbà tí ọ̀ràn wà ní ibòmíràn. Ọ̀nà tí ìtọ̀ ọmọbìnrin ń gbà kúrú, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí ihò ìdí, nítorí náà ni ó ṣe wọ́pọ̀ lára wọn bí wọ́n bá ti ju ọmọ ọdún kan lọ. Ìgbẹ́ líle tí ó kún inú ìfun a tún máa tẹ àpò ìtọ̀, kì í jẹ́ kí ìtọ̀ tán nínú rẹ̀. Ìgò kẹta orí tábìlì wá yé mi dáadáa: apakòkòrò ọjọ́ 3 yẹn ti lu kòkòrò náà dé ojú ikú, wọ́n sì dáwọ́ dúró kí ó tó kú.

Fún omi ara, mo fún wọn ní ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi, wọ́n ń po páálí kan mọ́ lítà omi mímọ́ kan, wọ́n sì ń da èyí tí ó bá ṣẹ́kù nù lẹ́yìn wákàtí 24. Mo fi ṣíbí hàn wọ́n: bí ọmọ bá bì, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà kí wọ́n máa fún un ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 2 sí 3. Ìyá tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ a máa da ife kan sí ọmọ lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀ a sì padà. Wọ́n béèrè oògùn síǹkì tí wọ́n ti gbọ́ nípa rẹ̀. Mo ṣàlàyé pé ọmọ tí ó ń ṣe ìgbẹ́ gbuuru ni a ń fún, mílígíráàmù 20 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, ti ọmọ wọn kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ara gbígbóná náà lọ. Èébì ìdájí náà lọ pẹ̀lú rẹ̀. Inú mi dùn, mo sì fi ojú inú wo ìwé náà bí èyí tí a ti lè pa dé. Ní ọjọ́ kẹfà, ìyá ọmọ fi fóònù pè mí: "Mà, ó tún bì lónìí lẹ́yìn ẹ̀kọ." Nígbà náà ni mo rántí ohun tí ìyá àgbà ti sọ ní ọjọ́ Ajé, tí mo kọ sílẹ̀ tí n kò sì rò.

Mo lọ bá wọn nílé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí ìyá àgbà ṣe bí ó ti máa ń ṣe. Ó po ẹ̀kọ gbígbóná, ó jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó tẹ́ ọmọ sórí itan, orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ òsì ṣe kòtò sí ẹnu rẹ̀, ó sì ń da ẹ̀kọ síbẹ̀. Bí ọmọ bá di ẹnu, yóò fi ìka dí imú rẹ̀ díẹ̀ títí yóò fi là á. Rírọ ọmọ nìyẹn, tí gbogbo wa mọ̀, tí a sì rọ púpọ̀ nínú wa dàgbà. Abọ́ náà gba mílílítà 400. Ikùn ọmọ ọjọ́ orí yìí máa ń gba nǹkan bí mílílítà 30 fún kílò kọ̀ọ̀kan ara rẹ̀, èyí tí yóò jẹ́ nǹkan bí 260 fún ọmọ kílò 8.7. Ìyókù kò ní ibùgbé, ojú mi ni ó sì ṣe padà sórí ìdí ìró màmá.

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn ni ó nira jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. N kò lè sọ fún ìyá àgbà níwájú aya ọmọ rẹ̀ pé òun ni ó ń mú ọmọ bì, kì í sì í ṣe òtítọ́ tán, nítorí ìfẹ́ ni ó fi ń ṣe é: ọmọ ń gbẹ, ó fẹ́ kí ó sanra padà. Àti pé bí kò bá sí ojú rẹ̀ tí ó rí ìtọ̀ yẹn, a ì bá ṣì máa ra oògùn eyín. Mo kúnlẹ̀ tì í. "Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ mú wa rí àìsàn yìí. Ohun tó kù ni pé inú ọmọ ti kéré nítorí àìsàn, kò gba abọ́ kan mọ́ lẹ́ẹ̀kan." Ó wò mí. Ó ní, "Báyìí la ṣe rọ bàbá rẹ̀, kò kú." Mo ní, "Òótọ́ ni, mà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ máa ń gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró àwọn mìíràn, a kì í sì í mọ ẹni tí yóò kàn." Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Kí ni kí n wá ṣe?"

A jọ ṣètò rẹ̀. Ọmọ yóò jókòó, kì í ṣe pé kí ó dùbúlẹ̀. Ṣíbí ni a ó lò, bí ó bá sì yí orí padà lẹ́ẹ̀mejì, oúnjẹ náà parí. Ìgbà mẹ́rin lójúmọ́, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ife mílílítà 250 nígbà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìpápánu lẹ́ẹ̀kan tàbí méjì láàárín. Níwọ̀n bí ìwọ̀n ti dínkù, ohun inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i: ẹ̀pà lílọ̀ tàbí edé gbígbẹ tí a gún kúnná nínú ẹ̀kọ, epo pupa ṣíbí kan, ẹyin, mọ́ínmọ́ín. Ìbẹ́pẹ àti omi fún ìgbẹ́ líle. Ìyá ọmọ yóò máa pààrọ̀ pámpásì kí ó tó sùn àti ní kété tí ilẹ̀ bá mọ́, wọn yóò sì máa nù ún láti iwájú lọ sẹ́yìn.

Èébì ẹ̀kọ dáwọ́ dúró láàárín ọjọ́ 4. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kílò 8.9, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, 9.5. Ìtọ̀ tí a tún yẹ̀ wò lẹ́yìn oògùn mọ́.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ara ọmọ tún gbóná, ó sì bì lẹ́ẹ̀mejì ní òru. Ìyá àgbà ni ó gbé e wá, kò sí àpò ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gba ìtọ̀ ọmọ sínú ife tí ó fi omi gbígbóná fọ̀, ó fi ọmọrí dé e, ó sì gbé e ka tábìlì mi kí ó tó kí mi. Ìtọ̀ náà mọ́ kedere. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó mú un: ibà gidi ni lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọ náà bi oògùn ibà àkọ́kọ́ láàárín ogún ìṣẹ́jú, a tún fún un ní òmíràn pẹ̀lú wàrà díẹ̀, ó jókòó sórí itan ìyá àgbà, oògùn náà sì dúró.